Ìyá Tó Ń Bó Obì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọ̀ǹpútà Mi

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé ìyá wọn kò gbójú sókè rí nínú fídíò yẹn. Irọ́ ni mo pa. Ìyá náà gbójú sókè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi ni mo sì ba ibi tí wọ́n ti gbé e sókè náà jẹ́. Kò sí fọ́tò wọn kankan níbòmíràn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé àárẹ̀ ló pa irọ́ náà.

Ìlíṣàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ yunifásítì máa ń gbà wọ ìgboro. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Wọ́n fi páákó pín in sí méjì: ẹ̀rọ fọtokópì àti àga ọ̀gá mi wà níwájú, èmi àti kọ̀ǹpútà wà lẹ́yìn, níbi tí kò ní fèrèsé. Fọ́ọ̀mù tírì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Baba kan ní Ofin, ní Ṣàgámù, ló kọ́ mi ní taípù lórí ẹ̀rọ onírin kan tó wúwo, tó jẹ́ pé bí o bá ṣìṣe, bébà tuntun lo máa mú. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọ̀gá mi ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n tẹ ojú ìwé kan. Mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Pírójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Bí ìgbà tí wọ́n máa fi í lé olùkọ́ lọ́wọ́ bá ti ń sún mọ́, wọ́n á tò dé ìta. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ ni wọ́n ń mú wá, òmíràn rí bí ibi tí èèrà gbà kọjá. Mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀ òyìnbó tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, láti àárọ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ìgbà náà aláwọ̀ búlúù ni, lẹ́tà rẹ̀ funfun. Bó bá di ọ̀sán, bí mo bá pa ojú dé, mo ṣì ń rí àwọn lẹ́tà náà tí wọ́n ń rìn lọ. Ọrùn mi á gan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìṣe, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kanra mọ́ àwọn oníbàárà.

Ọ̀gá mi rí i. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan àti ẹ̀rọ fídíò wá sẹ́yìn, wọ́n gbé e sórí páálí bébà ní apá òsì mi, wọ́n ti kásẹ́ẹ̀tì kan bọ inú rẹ̀.

"Ojú rẹ ti pọ́n," ni wọ́n wí. "Máa wo ibí yìí bó bá ti rẹ̀ ọ́."

Mo rò pé fíìmù ni. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí kékeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé, wọ́n ń bó obì. Mo dúró kí ẹnì kan wọlé, kí ìjà dé, kí nǹkan ṣáà ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣì ń bó obì.

"Mà, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?" ni mo bi ọ̀gá mi.

"Ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn náà ni. Ìyá mi nìyẹn."

Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìyókù. Àbúrò ọ̀gá mi ọkùnrin tó ń gbé òkè òkun ló wá kí ìyá wọn ní Ibido, ní Ṣàgámù, pẹ̀lú kámẹ́rà ńlá kan. Ìyá yìí kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya àwọn ní fọ́tò láti ìgbà èwe wọn. Kì í ṣe pé wọ́n ní èèwọ̀ kan. Wọ́n á kàn ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ojú mi ṣe? Ṣé kì í ṣe èmi náà nìyí níwájú yín?" Bí onífọ́tò bá ti gbé ẹ̀rọ sókè, wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí i. Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, àbúrò náà gbé kámẹ́rà sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tún un ṣe, àlejò pè é síta, ó sì gbàgbé pé òun ti tẹ̀ ẹ́. Ìyá jáde wá, wọ́n jókòó ti obì wọn. Títí téèpù fi tán, kò sí ẹni tó rántí pa á.

Obì tí wọ́n ti rẹ kí èèpo funfun rẹ̀ lè rọ̀ wà nínú báásìnì kan. Wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á fi àtàǹpàkò ṣí èèpo rẹ̀ kúrò, wọ́n á yí i lọ́wọ́ wò bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, wọ́n á wá fi í sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí. Èyí tí kòkòrò ti lu, ẹ̀bá ẹsẹ̀ wọn ló ń lọ. Orí wọn tẹ̀ ba. Gèlè ńlá kan tó ti ṣá ni a ń rí, àti ọwọ́ wọn méjèèjì. Adìyẹ ń kọjá. Oòrùn ń sún lórí ilẹ̀ títí ó fi dé ìdí apẹ̀rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀, n kò pa á. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá dákẹ́, mo máa ń gbọ́ bí obì ṣe ń bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sì fẹ́ jí ọmọ tó sùn nínú ilé. N kò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe fún mi tán. N kì í jókòó wò ó. Bí mo bá ń tẹ̀wé, tí igun ojú mi bá rí ọwọ́ yẹn tó ń lọ tó ń bọ̀, àyà mi á rọlẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ilé náà tí kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Ìka mi á máa bá ìka wọn lọ. Mú ọ̀kan, wò ó, fi sílẹ̀, mú òmíràn. Àṣìṣe mi dínkù. Bí téèpù bá tán, mo máa ń yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń mọ̀ ọ́n lára pé wọn kò sí níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ìyá yìí kò tíì bó obì yẹn tán láti ọjọ́ Mọ́ńdè?"

"Ṣé ìwọ ti kọ orí kẹta rẹ tán láti ọjọ́ Mọ́ńdè?"

"Ẹ dákẹ́ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá ṣiṣẹ́," ni òmíràn á wí. "Ṣé wọ́n ń gba owó oṣù níbí ni, àbí ẹ kàn ń lò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́?"

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá náà bó bá wọlé. Ó ní òun kò lè kọjá láìkí wọn, pé àgbà ni.

Ohun tó ya mí lẹ́nu ni pé ọ̀gá mi kì í gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé. Ìjọ tó ń sinmi ní Sátidé ni wọ́n ń lọ, àwọn àti ọkọ wọn, ọkọ náà sì jẹ́ alàgbà níbẹ̀. Wọn kì í jẹ obì. Obì kì í wọ inú ilé náà rárá, bí ọtí náà kì í ti í wọ̀ ọ́. Ìyá wọn ní tiwọn, obì kì í kúrò lẹ́nu wọn láti òwúrọ̀. Obì ni wọ́n tà fún àwọn oníṣòwò tó ń kó o lọ sí òkè Ọya, tí wọ́n fi rán àwọn ọmọ níwèé. Nígbà tí ọ̀gá mi wọ ìjọ tuntun, ìyá wọn bi wọ́n pé, "Obì tó rán ọ níwèé lo wá ń sá fún?" Ọ̀gá mi sọ èyí fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Bí ìyá bá wá sí Ìlíṣàn, ìta ni wọ́n ń jókòó sí, lórí àga tí wọ́n bá gbé síta fún wọn. Wọ́n á ní àwọn kò lè tu obì ẹnu àwọn dànù nítorí àtiwọ pálọ̀. Nígbà tó ṣe, wọn kò wá mọ́. Ọ̀gá mi ló ń lọ sí Ibido, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kí wọ́n máa lọ tó bó ṣe yẹ.

Nítorí náà ni ìyá ṣe ń gbé nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú wa. Nígbà míràn ọ̀gá mi á wá sẹ́yìn bí ẹni tó wá wo iṣẹ́ mi, wọ́n á dúró lẹ́yìn àga mi. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi kọ́ ni wọ́n wá wò.

Ibì kan wà nínú téèpù náà, lẹ́yìn tí adìyẹ dúdú kan bá kọjá níwájú báásìnì. Ẹnì kan kí ìyá láti ìta. Ìyá gbójú sókè, wọ́n dáhùn ní èdè Rẹ́mọ àwọn àgbà, ojú wọn sì kọjú sí kámẹ́rà gan-an, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹni náà dúró sí. Lẹ́yìn náà wọ́n tún tẹ orí ba. Kò gùn. Bí o bá ń wú ikọ́ lọ́wọ́, ó ti kọjá.

Ọ̀gá mi fẹ́ràn ibẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bọ́tìnì kan wà lára ẹ̀rọ náà tó ń dá àwòrán dúró. Bó bá ti rẹ̀ mí gan-an, mo máa ń yí téèpù lọ síbẹ̀, mo máa ń tẹ bọ́tìnì, ojú ìyá á dúró, á máa gbọ̀n díẹ̀ pẹ̀lú ìlà funfun kan ní àgbọ̀n. Mo máa ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá sì padà sídìí iṣẹ́ mi. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi.

"Má máa dá a dúró sójú kan. Àbúrò mi ní ó máa ń jẹ téèpù. Ìyẹn nìkan ni mo ní."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Bí wọ́n bá ti jáde, mo máa ń dá a dúró.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá mi lọ ra bébà ní Ṣàgámù. Mo ń tẹ iṣẹ́ kan tó kún fún nọ́ńbà, nọ́ńbà kò sì bá mi lára mu rí. Mo dá ojú ìyá dúró. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Wọ́n mú iná lọ lójijì, mo bínú nítorí iṣẹ́ tí n kò tíì fi pamọ́, n kò tilẹ̀ ronú kan téèpù. Nígbà tí iná dé, tó wá pẹ̀lú agbára, ẹ̀rọ fídíò kígbe bí ẹran tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Mo tú u pẹ̀lú sukurudíráfà. Téèpù ti wé mọ́ gbogbo inú rẹ̀. Mo rọra yọ ọ́, ó rún bí ìfun adìyẹ, ibì kan ti là gbọọrọ ní àárín. Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká ní mo gbé e fún ọ̀gá mi bó ṣe wà, bóyá àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe lè rí nǹkan mú nínú rẹ̀. Mo ti ro èyí ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú abẹ, mo gé ibi tó rún kúrò, mo fi sẹ́lótéèpù so ẹnu méjèèjì pọ̀, mo fi bíró yí i wọlé. Èyí tí mo gé kò ju kí ènìyàn fi wé ọwọ́ lọ. Mo jù ú sínú iná tí a fi ń sun bébà tó bàjẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Mo dán téèpù wò. Ó ṣiṣẹ́. Adìyẹ dúdú kọjá, ọwọ́ ìyá wà nínú báásìnì, àwòrán fò, ọwọ́ wọn ti wà lórí apẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní fura. Ọkàn mi balẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí, ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá mi dé pẹ̀lú bébà, wọ́n béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo ní ó ń lọ. Mo rò pé màá sọ fún wọn bó bá di ọ̀la. Ọ̀la náà dé, oníbàárà pọ̀. Ìyá sì ń bó obì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn kò gbójú sókè mọ́, mo sì ń tẹ̀wé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìyá kú ní Ibido. Wọn kò ṣàìsàn tó ní orúkọ. Wọ́n ní ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n lọ dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ Fráídè ni ọ̀gá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú aṣọ dúdú, pẹ̀lú onífọ́tò kan láti Ṣàgámù lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Àwọn ẹbí fẹ́ tẹ pósítà ìkéde òkú, kò sí fọ́tò. Onífọ́tò náà ní òun lè ya ojú ìyá láti ara tẹlifíṣọ̀n.

"Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti ya ọkọ ìyàwó kan báyìí rí, nígbà tí fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ jóná. Bí mo ṣe yà á, ó rẹwà ju bó ṣe wà lójúkojú lọ. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ìyá dúró sójú kan fún mi."

"Lẹ́yìn tí adìyẹ dúdú kan bá kọjá ni," ni ọ̀gá mi wí. Wọ́n fa àga kan tó ṣófo, wọ́n jókòó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà. "Wọ́n máa gbójú sókè."

"Adìyẹ dúdú. Ó dáa. À ń dúró de adìyẹ."

Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀, n kò tẹ nǹkan kan. Mo ń gbàdúrà kí wọ́n mú iná lọ. Iná tó ń lọ lójoojúmọ́, kò lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá ń bó obì. Onífọ́tò gbé kámẹ́rà rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ń fi ojú kan wò. Adìyẹ pupa kọjá. Adìyẹ dúdú kọjá. Àwòrán fò, ọwọ́ wà lórí apẹ̀rẹ̀, orí tẹ̀ ba.

Ọ̀gá mi dúró. Ìyá mú obì mìíràn, wọ́n tún mú òmíràn.

"Ó yẹ kí wọ́n ti gbójú sókè báyìí," ni ọ̀gá mi wí. "Yí i padà."

Mo yí i padà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

"Nǹkan fò níbẹ̀ yẹn o," ni onífọ́tò wí.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni mo yára dáhùn. "Téèpù náà ti gbó."

Wọ́n ní kí n tún yí i padà. Ọ̀gá mi ti sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà lójú wọn. Wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. Ìjọ wọn kì í jẹ́ kí oòrùn ọjọ́ Fráídè wọ̀ bá iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Láti ìgbà tí mo ti wà pẹ̀lú wọn, wọn kò jẹ́ kí ó wọ̀ bá àwọn rí. Bí wọ́n bá ti rí i tí òjìji igi iwájú ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà. Òjìji náà ti kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Mà, ṣé kì í ṣe inú fídíò mìíràn ni?" ni onífọ́tò béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kò sí òmíràn."

Wọ́n wá yí sí mi. Bí wọ́n ṣe wò mí, kò sí ìfura kankan nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ kí a ran òun lọ́wọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo ń wò ó lójoojúmọ́. Ṣé wọn kì í gbójú sókè níbẹ̀ yẹn ni?"

Ó ṣeé sọ. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Mà, mo ba ibẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n onífọ́tò dúró níbẹ̀, oòrùn ń lọ, òkú wà nílẹ̀, mo sì ronú kan iṣẹ́ mi, mo ronú nípa bí wọ́n ṣe máa wò mí lẹ́yìn náà.

"Mi ò rí i rí, Mà," ni mo wí. "Wọn kì í gbójú sókè."

Mo rí i pé wọ́n gbà mí gbọ́. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ bó ṣe rí. Nǹkan kan kúrò lójú wọn, kò sì padà mọ́ títí wọ́n fi dìde.

"Á jẹ́ pé èmi ni mo lá a," ni wọ́n wí. Wọ́n sọ fún onífọ́tò pé, "Ẹ ya èyí tó bá wà."

Ó ya gèlè, ó ya ọwọ́, ó ya apẹ̀rẹ̀. Kò ṣàwàdà mọ́. Ọ̀gá mi pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi aṣọ bo kọ̀ǹpútà níwájú mi, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Máa lọ sílé," ni wọ́n sọ fún mi. "Ọjọ́ ìsinmi ti wọlé."

Èmi ni mo tẹ ọ̀rọ̀ abẹ́ pósítà náà nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ìyá, orúkọ àwọn ọmọ, ibi tí wọ́n máa sin wọ́n sí. N kò ṣìṣe níbì kankan. Mo lọ síbi ìsìnkú ní Ibido, mo dúró sẹ́yìn. Wọ́n ti lẹ pósítà mọ́ ògiri káàkiri, ìyá tó tẹ orí ba, tí ojú wọn kò hàn. Àwọn obìnrin méjì dúró níwájú ọ̀kan.

"Irú fọ́tò òkú wo nìyí? Ṣé wọn kò lè ní kí ó gbójú sókè ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Ìwọ kò mọ̀ ọ́n ni? Ìgbà wo ló jókòó lásán rí?"

"Ẹni tó kú náà ṣì ń bó obì. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi ná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá lọ. Wọn kò ní èrò burúkú kankan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá mi yọ kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi í sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò. N kò béèrè ìdí. Mo padà sí èmi nìkan àti àwọn lẹ́tà funfun. Igun ojú mi òsì ṣì máa ń wá ọwọ́ yẹn. Nígbà míràn màá dáwọ́ dúró, màá fetí sílẹ̀ de obì tó máa bọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun dé tí wọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin tó máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá nìkan ló béèrè wọn. Ọ̀gá mi ló dá a lóhùn láti iwájú, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn páákó.

"Wọ́n ti lọ sinmi. Mo ti fìgbà kan rò pé wọ́n wo ojú mi nínú fídíò yẹn, àní mo máa ń fojú inú rí i. Ọkàn mi ló yà á. Ọmọ yìí tó ń wò ó lójoojúmọ́ ní kò sí níbẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé èmi náà..." Ọmọ náà kò parí rẹ̀. "Bóyá kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, Mà."

Èmi ni ẹlẹ́rìí wọn. Mo ti jí téèpù, mo wá tún jí ohun tí wọ́n rántí, ọwọ́ mi sì ń tẹ̀wé lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀ ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ. Mo ní mo ti rí iṣẹ́ ní Ṣàgámù, nítòsí ilé. Wọ́n súre fún mi. Wọ́n ní mo jẹ́ olóòótọ́ ọmọ, pé mo fọkàn ṣe iṣẹ́ wọn.

Ṣàgámù ni mo wà báyìí. Kọ̀ǹpútà tí mo ń lò yára ju ti ìgbà náà lọ, ojú rẹ̀ kì í ṣe búlúù mọ́, ó sì máa ń rẹ̀ mí bákan náà. Ọkọ̀ Ìlíṣàn máa ń kọjá níwájú ibi tí mo ń ṣiṣẹ́. Mo ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, mo dúró lójú títì díẹ̀, mo padà sílé.

Téèpù tí mo sun kò lè padà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wo ojú yẹn tó mi. Àwọn ọmọ wọn gan-an, orí tó tẹ̀ ba lórí iṣẹ́ ni wọ́n mọ̀ jù. Èmi mọ̀ pé bí wọ́n ṣe gbé e sókè, ojú òsì ló kọ́kọ́ là, ti ọ̀tún tẹ̀lé e. Ìlà kan wà láti ìdí imú wọn dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó jìn ní apá kan ju èkejì lọ. Ẹnu wọn pọ́n nítorí obì. Eyín iwájú kan ti yọ. Kí wọ́n tó dá ẹni náà lóhùn, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí iṣẹ́ ti sú tí inú rẹ̀ sì dùn pé ẹnì kan dá òun dúró. Wọn kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó rẹ̀ wọ́n, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá mi ló ni gbogbo èyí. Mo jẹ wọ́n ní gbèsè rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, pé wọn kò lá àlá kankan. N kò tíì lọ san án.